Iwin Tó Sọ Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Di Alángbá

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí. Ọmọdé ń pa á, àgbà ń pa á, ẹni tí kò yà sí ìdí ògiri wo alángbá rí pàápàá ń pa á láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti wá? Ta ni iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dúró síwájú ògiri, tó ń wo ikùn alángbá, tó sì ń dààmú ara rẹ̀ nítorí inú rírun wọn? Ọmọ ènìyàn kò ní ráyè bẹ́ẹ̀, oko wà tí yóò ro. Iwin ni. Bí ẹlòmíràn bá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kó lọ kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Bí èmi ṣe gbọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ yìí.

Orúkọ iwin náà ni Jẹ́nsọ. Kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ju ti òbúkọ lọ. Ẹ̀yìn ìlú Àsárá ló ń gbé, nínú àlàpà kan tí òrùlé rẹ̀ ti jẹrà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti di igi ìdáná, tó wá ku ògiri kan ṣoṣo tó ṣì dúró gbọn-in. Alángbá ló kún ara ògiri náà. Àwọn iwin yòókù a máa gbé inú igi ńlá tàbí inú àpáta kí ènìyàn lè bẹ̀rù wọn. Jẹ́nsọ yan àlàpà ní tirẹ̀ nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà ló wà, ẹni tó bá sì ń kọjá kò ní ríbi sá sí. Ọ̀rọ̀ sísọ ni àrùn tó ń ṣe é. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀, ó di ìgbà tó bá sùn kó tó dákẹ́, àwọn kan sì sọ pé nígbà náà pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Gbogbo iwin tó bá a gbé ládùúgbò yẹn ló ti kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn ní òun fẹ́ lọ pọn omi wá. Títí di òní, wọn kò rí i, wọn kò sì rí omi.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún un, ọmọ ènìyàn sì ni. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ obìnrin kan tó ń hun ẹní ní Àsárá. Ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ń wá ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́, Àwẹ̀ró nìyẹn, ó tilẹ̀ gba ẹ̀kọ́ náà kọjá ibi tí a fẹ́ kó gbà á dé. Bí ewúrẹ́ bá ti darúgbó díẹ̀, Àwẹ̀ró lè kúnlẹ̀ kí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá sì bi í pé ṣé dáadáa ni, yóò ní dáadáa ni, a dúpẹ́, ìbáà jẹ́ pé agbọ́n ń ta á létí lọ́wọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ kò lè rí ọ̀rẹ́ tó ju irú ìyẹn lọ. Òun náà sì fẹ́ràn Jẹ́nsọ dénú, nítorí Jẹ́nsọ máa ń pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò sì wọ́pọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń hun ẹní láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú àwo ẹ̀wà. Wọ́n ti fi Àwẹ̀ró fún ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́gbèmí. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó di dandan kí ó máa lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kó bá a gbálẹ̀, kó bá a pọn omi, kó sì jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ láìyínmú. Ìyá Ọdẹ́gbèmí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Sùúrù ni kò ní. Bí ẹ̀wà bá ti hó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀wà tó bù fún Àwẹ̀ró ń dún kàkà lẹ́nu. Àwẹ̀ró jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá mi, ó dùn." Inú ìyá náà dùn, ó sì tún bu òmíràn. Àwẹ̀ró jẹ ẹ́, ó tún yìn ín. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ènìyàn dé. Nígbà tó fi máa dìde níbẹ̀, ikùn rẹ̀ ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ inú odò.

Kò lè sọ fún ìyá ọkọ. Kò lè sọ fún Ọdẹ́gbèmí, nítorí ìyá Ọdẹ́gbèmí ni ìyá Ọdẹ́gbèmí. Kò fẹ́ sọ fún ìyá tirẹ̀, kó má di pé wọ́n ní ó bú ilé àna. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó lè sọ ọ́ fún, ni ó bá tẹ̀ bákan, ó ń rọra lọ sí àlàpà.

"Àwẹ̀ró, ọ̀rẹ́ mi, ṣé dáadáa ni?" Jẹ́nsọ ló kí i bẹ́ẹ̀ láti orí ògiri.

"Dáadáa ni, a dúpẹ́," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí dídúró tó dúró yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Láàárín àwa ènìyàn, "a dúpẹ́" àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdáhùn. Ti ìkíni nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn wa yóò jókòó, yóò wo ojú wa, yóò tún bi wá pé ṣé kò sí nǹkan ṣá, ìgbà náà ni a óò tó mí kanlẹ̀, tí a óò wá jẹ́wọ́. Àwọn iwin kò ní irú àṣà bẹ́ẹ̀. Jẹ́nsọ bi í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, lójú tirẹ̀ ọ̀rọ̀ ti parí. Ló bá bọ́ sínú ìtàn ewúrẹ́ kan tó wo òun lójú láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ewúrẹ́ náà ṣe wò ó, bí òun náà ṣe wo ewúrẹ́, ohun tí òun rò pé ewúrẹ́ náà ń rò, àti ohun tí ewúrẹ́ náà ìbá rò ká ní ó ní ọgbọ́n.

Àwẹ̀ró kò lè dúró mọ́. Ó dojúbolẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó gbójú sókè, ó ń wo àwọn alángbá lára ògiri. Nígbà tí Jẹ́nsọ dúró díẹ̀ láti gbé itọ́ mì, Àwẹ̀ró ráyè sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "ó wù mí kí n rí bí àwọn alángbá yẹn. Kí n kàn danú délẹ̀ nínú oòrùn, kí n má ṣe nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má sì bu oúnjẹ fún mi."

Èmi àti ẹ̀yin ìbá bi í pé kí ló dé. Jẹ́nsọ kò bi í. Inú rẹ̀ ló dùn, ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́, Àwẹ̀ró kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó bu ẹrùpẹ̀ ìdí ògiri sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ lu Àwẹ̀ró lẹ́yìn, fùú. Àwẹ̀ró sì di alángbá. Ìró ẹrùpẹ̀ náà dẹ́rù bà á, ó sáré gun ògiri, ó wọ àárín àwọn yòókù lọ.

Ó yẹ kí n sọ bí agbára àwọn iwin àlàpà ṣe rí kí a tó lọ síwájú. Inú ẹrùpẹ̀ ògiri àti inú èémí wọn ló wà. Èémí mẹ́ta péré ni wọ́n sì ní láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tán nìyẹn títí oòrùn mìíràn yóò fi yọ. Bí oòrùn bá sì wọ̀ bá ẹni tí wọ́n yí padà, awọ tuntun náà di tirẹ̀ títí ayé. Jẹ́nsọ mọ èyí dáadáa. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí Àwẹ̀ró sinmi títí ìtàn ewúrẹ́ yóò fi parí, lẹ́yìn náà kí òun dá a padà.

Ìtàn ewúrẹ́ náà parí lọ́sàn-án gangan. "Ṣé ó dùn?" Jẹ́nsọ bi ògiri. Gbogbo alángbá mi orí. Àánú iwin náà ṣe mí, nítorí kò sí ìgbà kankan láyé rẹ̀ tí èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì gbà á. Kí ló tún ṣe? Ó tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó parí lẹ́ẹ̀kejì, òjìji ògiri ti ń gùn. Ó ní, "Ó tó, Àwẹ̀ró. Sọ̀ kalẹ̀ kí n dá ọ padà." Gbogbo wọn mi orí, kò sí èyí tó sọ̀ kalẹ̀.

"Èwo ni Àwẹ̀ró nínú yín?"

Gbogbo wọn mi orí.

"Àwẹ̀ró kì í ṣe èyíkéyìí nínú yín, àbí?"

Wọ́n tún mi orí, tìtara-tìtara.

Ìgbà yìí ni àyà Jẹ́nsọ kọ́kọ́ já. Ó jókòó láti ro ó bí ọlọ́gbọ́n. Gèlè pupa ni Àwẹ̀ró wé wá láàárọ̀. Gèlè náà kò sì sí nílẹ̀. Nítorí náà, alángbá tí orí rẹ̀ bá pupa ni yóò jẹ́ Àwẹ̀ró. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti yanjú. Ẹnikẹ́ni ìbá ti sọ fún un pé akọ alángbá ni orí rẹ̀ máa ń pupa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣẹ́kù ládùúgbò láti sọ ọ́. Ó yan èyí tí orí rẹ̀ pupa jù, ó bu ẹrùpẹ̀, ó fẹ́ ẹ, fùú. Ọkùnrin kan tó sanra, tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí epo, já bọ́ láti ara ògiri, ó dìde jókòó, ó sì ń mi orí.

"Ṣé ìwọ ni Àwẹ̀ró?" Jẹ́nsọ bi í, nítorí ìrètí kì í tètè kú.

Ọkùnrin náà mi orí.

Jẹ́nsọ fi ẹní àtijọ́ kan bò ó, ó sì bú sẹ́kún. Èémí méjì ti lọ, ó ku ẹyọ kan. Bó bá tún ṣì í fẹ́, Àwẹ̀ró yóò di alángbá títí ọjọ́ ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà nínú àlàpà yẹn, tí yóò máa jẹ kòkòrò, tí àṣá yóò máa dọdẹ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ohunkóhun tó lè mú un dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ohun tó rántí ni bí Àwẹ̀ró ṣe fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, tó dojúbolẹ̀. Inú ló ń run ún! Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Inú ń run ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ń sọ ìtàn ewúrẹ́. Ó fò dìde, ó ní òun yóò wá alángbá tí inú ń run rí, ẹni tí inú ń run a máa danú délẹ̀. Ó wo òkè ògiri, ó wo ìsàlẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò sí alángbá kan tí kò danú délẹ̀.

Ó sáré gba ìlú lọ, ọkùnrin inú ẹní ń sáré tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó kí ọkùnrin náà lójú ọ̀nà ló mi orí sí, wọ́n sì ń sọ láàárín ara wọn pé àlejò yìí mọ ènìyàn-án kí.

Ìyá Àwẹ̀ró wà níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní tó ń hun. Ó mọ Jẹ́nsọ lójú. Ó ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látòkèèrè tipẹ́.

"Ìyá, ẹ gbà mí," Jẹ́nsọ wólẹ̀. "Mo sọ Àwẹ̀ró di alángbá. Ó ní ó wu òun ni. Inú ń run ún, mi ò sì mọ̀. Mo wá a títí lára ògiri. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, mi ò mọ èyí tí inú ń run."

Ìyá Àwẹ̀ró sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo oòrùn, ó wo iwin náà, ó wo ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa tó ti ń fi ahọ́n lé eṣinṣin kiri. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Kí lo mọ̀ nípa ọmọ mi?" ó ní.

Jẹ́nsọ mọ̀ pé Àwẹ̀ró ní etí méjì. Ó mọ ẹ̀rín rẹ̀. Kò mọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, kò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti fi í fún ọkọ. Ọ̀rẹ́ ọdún pípẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ní gbogbo ìgbà náà. Ojú tì í, ó tì í dé egungun, ó sì fi ojú pamọ́ sínú ọwọ́.

"Nígbà tó dé, ṣé o bi í bóyá dáadáa ni?"

"Mo bi í, ìyá. Ó ní dáadáa ni, a dúpẹ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo sọ ìtàn ewúrẹ́."

Ìyá Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. "Gbọ́, ìwọ kékeré yìí. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn pé kó máa ní a dúpẹ́, ó dà bí ẹni pé mo kọ́ ọ jù. Ẹni tó bá bi í lẹ́ẹ̀kan, a dúpẹ́ ni yóò máa gbọ́ títí láé. Padà lọ. Jókòó tì í. Panu mọ́. Bí ó bá ti rí i pé o kò ní ibòmíì tí ò ń lọ, tún bi í. Àlàyé mi tán. Bí o bá padà wá láìmú ọmọ mi bọ̀, èmi àti ìwọ yóò jọ mọ bí wọ́n ṣe ń fi iwin hun ẹní."

Oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n padà dé àlàpà. Jẹ́nsọ jókòó sí ìdí ògiri, ó gbé ẹ̀yìn tì í, ó panu mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti rí ẹni tó ru odindi igi, mo ti rí ẹni tó bá ẹkùn jà, kò sí èyí tó ṣe iṣẹ́ tó tó iṣẹ́ tí iwin yìí ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnu ń yún un. Ó fi ọwọ́ dì í. Ewúrẹ́ àárọ̀ yẹn gan-an ló tún kọjá, ó dúró, ó tún wò ó lójú, omi sì ń bọ́ lójú Jẹ́nsọ pẹ̀lú bó ṣe wù ú kó sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa jókòó tì í, ó ń mi orí sí ewúrẹ́.

Nígbà tí ibẹ̀ ti parọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀, àwọn alángbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó ń lépa kòkòrò ń lépa kòkòrò, èyí tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà ń jà. Ọ̀kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Jẹ́nsọ, ó dúró síbẹ̀. Òmíràn náà wá, ó dúró. Kò pẹ́, mélòó kan ti yí i ká, ikùn wọn sì wà nílẹ̀ bákan náà.

Jẹ́nsọ rọra sọ̀rọ̀. "Ṣé dáadáa ni?"

Gbogbo wọn mi orí. Ọkùnrin náà mi orí.

Bí ó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ìtàn ni ìbá tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró. Oòrùn ti kan orí igi. Ẹ̀rù ń bà á, ìgbà gbogbo ló ń wù ú kó bu ẹrùpẹ̀ kó fẹ́ ẹ lu èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ṣùgbọ́n ó dúró. Nígbà tó tó, ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn lọ.

"Àwẹ̀ró, mi ò lọ sí ibì kankan. Ṣé dáadáa ni lóòótọ́?"

Àwọn alángbá mi orí. Ọ̀kan láàárín wọn kò mi orí. Alángbá kékeré kan ni, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, ìrù rẹ̀ kò gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó kàn gbé àgbọ̀n lélẹ̀, ó di ojú, ó sì yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gbà sí ohun gbogbo.

Jẹ́nsọ bu ẹrùpẹ̀. Nínú ìkánjú, ìdajì rẹ̀ dà nù. Ó fẹ́ ìyókù, fùú.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀, gèlè rẹ̀ ti wọ́, eruku kún ojú rẹ̀, ó ṣì di ikùn mú. Jẹ́nsọ dì mọ́ ọn lọ́rùn, kò sì sọ̀rọ̀. Ó dúró. Oòrùn wọ̀ níbi tó ti ń dúró.

"Ẹ̀wà ni," Àwẹ̀ró wí níkẹyìn.

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀wà, ó sọ ti àwo kejì àti ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ bí ẹ̀rù ilé ọkọ ṣe ń ba òun, bí ọwọ́ ṣe máa ń ro òun nídìí ẹní, bí òun ṣe kórìíra gèlè pupa náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà èwe ló ń jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tán, ó gùfẹ̀ kan tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo alángbá fi sá wọ inú ògiri, inú rírun náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú igi lọ́wọ́, gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ọmọ òun ti padà di ènìyàn.

Àwẹ̀ró fẹ́ Ọdẹ́gbèmí. Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ tún gbé ẹ̀wà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú, ẹ̀wà yìí kò jinná." Ìyá Ọdẹ́gbèmí wò ó títí, ó wá ní, "Ọmọ mi, inú ti ń run èmi náà láti ọdún tí mo ti wọlé yìí. Mo rò pé bí ẹ̀wà ṣe máa ń ṣe gbogbo ènìyàn nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jọ dúró ti ìkòkò.

Ẹ ó fẹ́ mọ ti ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa. Oòrùn ti wọ̀ bá a, ó di ènìyàn títí láé. Àwọn ìjòyè Àsárá rí i pé ọ̀rọ̀ kankan kò sí tí kò gbà sí, wọ́n sì fi í joyè. Wọ́n máa ń bi í pé ṣé ayé ń dùn mọ́ ọn, á mi orí. Ṣùgbọ́n Jẹ́nsọ ti gbọ́n. Ó lọ jókòó tì í lódìndi ìrọ̀lẹ́ kan, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó panu mọ́, ó sì tún bi í. Ìjòyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Kòkòrò." Láti ìgbà náà, bí èsúnsún bá ti ń fò lẹ́yìn òjò, Jẹ́nsọ a kó o kún igbá, a gbé e wá fún un, àwọn méjèèjì àti Àwẹ̀ró a sì jókòó sínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ tí Jẹ́nsọ ń sọ kò dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró láàárín.

Ìyá Àwẹ̀ró ló mú ọ̀rọ̀ tí iwin náà sọ níwájú ilé rẹ̀ wọ ọjà lọ, ibẹ̀ ló ti di òwe. Àwọn àgbà a máa pa á nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jókòó pọ̀, tí gbogbo wọn wọṣọ, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnì kan sì wá ń sọ pé kò sí ìṣòro ní ilé lágbájá, ṣebí a jọ rí i lánàá tó ń rìn kiri. Àgbà a ní kó rọra: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Wọ́n ń fi sọ fún wa pé kí a má fi ojú òde díwọ̀n ìrora ẹnikẹ́ni. Bí o bá sì gbọ́ ọ lónìí tí ọ̀rẹ́ rẹ kan wá sí ọ lọ́kàn, ẹni tó sọ fún ọ láàárọ̀ pé dáadáa ni, a dúpẹ́, lọ bi í lẹ́ẹ̀kejì.